Ẹnu tó Kún fún Ìṣó

Aránbàtà ni, ṣùgbọ́n Ẹnu-Ìṣó ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó bá ti gbé òòlù, ìṣó wẹ́wẹ́ ni yóò kó sẹ́nu; ahọ́n á máa tì wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ á gbà, òòlù á gbá wọn wọlé. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá tàkúrọ̀sọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á sọ, òun á máa kànṣó, inú wọn á sì dùn lọ sílé.

Ti ìyàwó rẹ̀ ló yàtọ̀. Onídìrí ilé kejì ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tirẹ̀: "Ẹ̀n-ẹ́n! Háà, má sọ bẹ́ẹ̀! Kí ló wá wí?" Ṣùgbọ́n bó bá dọ́dọ̀ ọkọ, á ní, "Bàbá wọn, ṣé ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni àbí bàtà?" Ọkọ á mi orí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ọkùnrin gidi kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọlọ́rọ̀. Gbígbọ́ tirẹ̀ dà bí òógùn adìyẹ: ìyẹ́ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ojú mi òsì yìí, bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó." Òòlù ń dún. "Ó tún ń..." Ó wo orí ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀ ba. "Ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú." Ó wọlé lọ.

Ọkọ gbọ́ o, látòkèdélẹ̀. Ó ń dúró kó parí ni. Nígbà tí ìyàwó kò sọ ọ́ mọ́, ó rò pé ojú náà ti san.

Onídìrí ló wọ́ obìnrin náà dé ilé ìwòsàn nígbẹ̀yìn. Dókítà ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, ojú òsì ti fọ́, wọn ì bá ti tètè wá.

"Ṣé o ò sọ fún wọn nílé ni?" Onídìrí bi í nígbà tí wọ́n délé, níṣojú ọkọ obìnrin náà.

"Mi ò sọ."

Irọ́ yẹn gún ọkùnrin náà ju ìṣó lọ. Òun ni ìyàwó rẹ̀ fi bò láṣìírí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà jókòó tì í, ojú òsì ló kọ sí i, ó ń sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ kó kúrò nílé ọkọ. Ọkùnrin náà mi orí, ó tún mi orí. Ó wá rántí pé ojú yẹn kò lè rí òun. Ó tu gbogbo ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí.

Obìnrin náà yí ojú ọ̀tún sí i. "Kí lẹ ní?"

"Mo ní ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló wá wí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àṣé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe."

Ìṣó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó ti tutù fún itọ́. Kò lè kó o padà sẹ́nu.