Rárá Tí Mo Kọ Sórí Fọ́ọ̀mù Àbúrò Mi

Mo rántí orúkọ gbogbo àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ inṣọ́ránsì ní Benin, àti orúkọ gbogbo àwọn tí mo kan ilẹ̀kùn wọn. Mo rántí orúkọ ẹni tó da omi sí mi lára, mo rántí orúkọ ajá rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ kankan síbí. Mo ti kọ orúkọ àwọn ènìyàn sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan rí fún ẹlòmíì, ibi tó já sí ni mo fẹ́ sọ yìí.

Ọ̀kan nínú wọn ni mo ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ títí di òní. Télọ̀ ni, ará Iléṣà, mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. A kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ, ẹgbẹ́ obìnrin Yorùbá kan náà la wà. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, Àbúrò lèmi náà ń pè é. Èmi ni mo ta inṣọ́ránsì fún un. Èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo lọ wá iṣẹ́ náà. Ọkọ mi ti kú, aṣọ tí mo ń tà ní Oba Market sì ti ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè máa lọ kó ọjà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan lójú Sapele Road ń wá ènìyàn, pé wọn kì í da ẹni láàmú nípa ìwé ẹ̀rí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà.

Orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ de táì mọ́rùn, fáìlì wà lábẹ́ abíyá wọn. Wọ́n rò pé ìyá ẹnì kan ni mí, pé mo sin ọmọ mi wá ni. Ọ̀kan dìde fún mi lórí àga, ó bi mí pé ta ni mò ń dúró dè. Mo ní ara mi ni.

Ọ̀gá tó fẹ́ gbà wá kò wo ìwé ẹnikẹ́ni. Bébà onílà ló pín fún wa, ó ní kí oníkálukú kọ orúkọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó mọ̀ nílùú Benin síbẹ̀, pé àwọn yẹn la máa kọ́kọ́ lọ bá. Àwọn ọmọ onítáì yẹn kọ ogún, wọ́n kọ ọgbọ̀n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń kọ. Èmi kò gbórí sókè. Mo kọ àwọn tí a jọ ń ta aṣọ, mo kọ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ onílé mẹ́ta tí mo ti gbé lọ́dọ̀ wọn, mo kọ mẹkáníìkì ọkọ mi, mo kọ nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí àbíkẹ́yìn mi. Nígbà tí ìlà tán, mo ní kí wọ́n fún mi ní bébà mìíràn. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó sọ fún àwọn yòókù pé èmi ni wọ́n máa wá bẹ̀. Orúkọ Àbúrò ló wà lókè pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sọ fún wa pé kò sí owó oṣù. Ohun tí o bá tà ni wọ́n máa yọ kọmíṣọ̀n rẹ nínú rẹ̀. Bí o kò bá tà, o kò jẹ. Ẹni tó bá sì lo oṣù mẹ́ta tí kò mú ẹnì kankan wá, kí ó dá káàdì ìdánimọ̀ tó fi kọ́rùn padà. Ìdajì àwọn ọmọ yẹn dìde, wọ́n lọ. Èmi jókòó. Ibo ni mo fẹ́ lọ?

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Wọ́n kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ikú lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. "Eventuality" ni kí a máa wí. Mo wá Yorùbá rẹ̀ títí, mo wá ń sọ pé "bí a kò bá sí nílé." Àwọn ènìyàn á bi mí pé bí a kò bá sí nílé, níbo la lọ? Èmi á wolẹ̀. Bàbá Èkìtì kan wà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ènìyàn jẹ́jẹ́, ó fún mi lómi, ó tẹ́tí sí mi délẹ̀, ó wá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lá àlá kan nípa mi ni? Ẹ má fi pamọ́ fún mi." Mo ní n kò lálàá kankan. Ó ní kí n kúkú gbàdúrà fún òun kí n tó lọ, bóyá òun á rà á lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ Edo tó máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wa kò tiẹ̀ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ wọn. Mama Eventuality ni wọ́n sọ mí. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Mama Eventuality, who remain?" Èmi náà á ní, "Na you remain." A ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Àbúrò ni mo kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lọ bá a. Ojú ń tì mí láti lọ bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní òun gbọ́ pé mò ń ta inṣọ́ránsì kiri, ṣé owó òun ni kò dára ni? Ọkọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì ní Ekiadolor. Ó ní òun fẹ́ kí nǹkan kan wà nílẹ̀ tí ọmọ òun máa fi parí ìwé rẹ̀, ohunkóhun tó lè ṣẹlẹ̀.

Mo jókòó sórí àga àwọn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí itan, mò ń ka ìbéèrè, òun ń dá mi lóhùn, ó ń fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì lọ. Ọjọ́ orí. Iṣẹ́. Ta ni kí wọ́n fún lówó náà. A wá dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá àìsàn kan wà tí dókítà ń tọ́jú. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Mo mọ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, èmi ni mo bá a lọ sí ọsibítù nígbà tí orí ń fọ́ ọ tí ojú rẹ̀ ń ṣú. Oògùn rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì yẹn gan-an, ó fi àjákù ańkárá wé e. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnì kan kì í sọ pé "àìsàn mi." Wọ́n ti kọ́ wa pé ohun tí o bá fẹnu ara rẹ gbà, ó ti di tìrẹ. Bí ibà bá gbé ọ dè, ara rẹ le ni wàá wí. Àbúrò kì í tiẹ̀ pe oògùn yẹn ní oògùn. "Ohun tí mò ń lò" ló ń pè é.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ rárá."

Mo ní, "Àbúrò, ilé-iṣẹ́ ló ń béèrè o. Wọ́n lè wádìí."

"Kí wọ́n máa wádìí. Mi ò ní fọwọ́ ara mi kọ àìsàn mọ́ ara mi lọ́rùn. Bí ẹ bá kọ bẹ́ẹ̀ ni síbẹ̀ yẹn, ẹ ti sọ ọ́ di tèmi nìyẹn. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ fún mi nìyẹn?"

Èmi náà ń ṣe àmín nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá kọ bẹ́ẹ̀ ni, tí nǹkan kan wá ṣe é, wọ́n á ní èmi ni mo kọ ọ́ lé e lórí. Ṣùgbọ́n n kò lè fi gbogbo rẹ̀ ti ìgbàgbọ́. Oṣù mẹ́ta mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, n kò tíì mú ẹnì kankan wá. Bí fọ́ọ̀mù yẹn bá padà sínú báàgì mi láìparí, káàdì ọrùn mi ti lọ. Mo fa ìlà sí rárá. Ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," ó sì gbé ẹsẹ̀ padà sórí máṣíìnì.

Oṣù mẹ́rìnlá ló fi san án, kò fo ọ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, ó ṣubú lórí máṣíìnì. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wí fún àwọn ènìyàn pé bí a kò bá sí nílé, n kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí mo rí aṣọ ọmọdé kan tó ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, apá kan ṣoṣo ló ti rán mọ́ ọn, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀.

Nígbà tí a sin ín tán, mo di ọmọ rẹ̀ mú níwájú gbogbo ènìyàn. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò fi í sílẹ̀ lásán, pé owó ń bọ̀, pé yóò parí ìwé rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n kì í fi fèsì; Benin ni wọ́n bí i sí. Ó ní, "Thank you, Mummy," ó gbé orí lé mi léjìká. Ìlérí yẹn ló ń dùn mí jù.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà jáde. Ilé-iṣẹ́ wa ti gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn wà níbẹ̀ ketekete, bẹ́ẹ̀ rárá ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Wọn kò ní san nǹkan kan ju ohun tó ti dá sílẹ̀ lọ. Ọ̀gá tuntun kan ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Ó pè mí, kò bínú rárá, ó ti tẹ ìwé kan sílẹ̀ dè mí. Ó ní kí n kàn fọwọ́ sí i pé oníbàárà ló purọ́, pé kò sọ àìsàn rẹ̀ fún mi, iṣẹ́ mi kò sì ní bàjẹ́. Mo fi ìwé mẹ́fà tí mo kà ka ìwé náà, ó yé mi. Mo sọ fún un pé mo mọ̀, pé èmi ni mo fa ìlà yẹn. Ó ní ìyẹn kò yí ọ̀rọ̀ owó padà, èmi nìkan ló máa pàdánù. Mo bọ́ káàdì lọ́rùn, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá ọmọ náà nílé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìbéèrè dé orí ìlà tí mo fà, n kò fi oṣù mẹ́ta mi pamọ́. Mo ti múra sílẹ̀ pé kó bú mi nítorí owó. Kò dárúkọ owó. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ni àìsàn náà ti wà. Mo sọ fún un. Ó fi ìka ka ọdún, ó rí i pé ilé ẹ̀kọ́ girama lòun ṣì wà nígbà náà, pé orí bẹ́ẹ̀dì kan náà lòun àti ìyá òun jọ ń sùn.

Ó ní, "So you know. Hospital know. Company sef know. Na only me wey dey sleep for her side no know."

Mo ní, "Kò fẹ́ kí àyà rẹ já ni."

"I for dey give am the medicine," ló ń sọ. "Every morning. I for dey give am."

Ó nu ojú, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n máa lọ.

Ó fi ìwé sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ẹgbẹ́ wa dá nǹkan, ṣọ́ọ̀ṣì mú díẹ̀ wá, ó ti padà sí Ekiadolor báyìí, ó ń fi Sátidé rán aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Mo máa ń se ẹ̀gúsí lọ fún un lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìgbà mìíràn wà tí n ó kan ilẹ̀kùn títí, n ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé, kò ní ṣí i.

Lóṣù tó kọjá, ó ṣí i. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, kò ní kí n wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ bó ṣe ń da ọbẹ̀ sínú ìkòkò. Ó fọ abọ́ náà, ó nù ún gbẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó ní, "Thank you, ma," ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.