Kòkòrò Tọ́ Ànàmọ́ Pupa Wò

Mo rántí òórùn ànàmọ́ tí kòkòrò ti jẹ, bó ṣe máa ń korò dé ọ̀fun kí ènìyàn tó fi kan ẹnu. Òórùn yẹn ló kí mi káàbọ̀ sí àdúgbò Totsi, nígbà tí mo ti Ìbàdàn wá kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Lomé. Ìyá onílé mi tí mo ń pè ní Màmá, opó kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ọ̀yọ́ wá, ń gbin ànàmọ́ oríṣi méjì sí ẹ̀yìnkùlé: funfun tó máa ń tóbi bí orí ọmọdé, àti pupa tí kì í ju ìkúùkù lọ. Lọ́dún yẹn, àwọn kòkòrò dúdú kan wọlẹ̀, wọ́n dá ihò sí ara gbogbo funfun. Pupa kò fara pa. Òjò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Màmá ní láti mọ èyí tí òun yóò gbìn.

"Ìwọ tó o lọ ilé ìwé," ó ní, "kí ló dé tí wọn ò jẹ pupa?"

Kíá ni mo dáhùn pé òórùn rẹ̀ ni wọn ò fẹ́, pé wọn kì í tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹnu lásán ni o! Mo gbé ìmọ̀ ńlá yìí lọ bá olùkọ́ mi. Ó bi mí bóyá kòkòrò ló sọ fún mi. Ó ní, "Essayez," kí n lọ dán an wò.

Mo da iyẹ̀pẹ̀ sínú bàsíà, mo ri pupa sí apá kan, funfun sí apá kejì, mo tú ogún kòkòrò sí àárín, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo tú u wò: mẹ́wàá níbí, mẹ́wàá lọ́hùn-ún! Ó kù díẹ̀ kí n da gbogbo rẹ̀ sóde.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ adùn ọbẹ̀? Jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò ná."

Mo bò ó padà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mẹ́rìndínlógún ti kó sídìí funfun. Lára pupa, ojú eyín tín-ín-tín ló kù, bíi ti ọmọ tó jẹ ewúro tó sì tutọ́ sílẹ̀.

"Màmá! Ẹ wá wò ó! Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n kọ̀ ọ́!"

Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀ sáré jáde. Mo pààrọ̀ ipò méjèèjì, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ló rí. Nígbà tí olùkọ́ mi wá wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàsíà náà títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ìyanu ní, "Ça alors!" Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà fún ayọ̀.

Nígbà tí òjò dé, Màmá gbin pupa káàkiri, ṣùgbọ́n ó fi ebè funfun kan sílẹ̀ létí ọgbà. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Bí ebi bá pa wọ́n, wọn á kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ pupa." Mo fi í rẹ́rìn-ín, èmi ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Èmi náà ti fi pupa nìkan síwájú kòkòrò tí ebi ń pa, mo sì ti rí i bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́ wọlé. Báyìí, bí mo bá ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n fi ebè funfun kan sílẹ̀. Wọn á rò pé inú ìwé ni mo ti rí i.