Ẹjọ́ Tí Ọláyídé Kọ́kọ́ Jàre

Ọmọbìnrin ará ìlú Ajue ni Ọláyídé Akínwọlé. Kòkó ni bàbá rẹ̀ fi rán an nílé ìwé títí ó fi di lọ́yà. Nígbà tí Lọ́yà Fádáre gbà á sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òrè, àwọn òbí rẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ìlú le. Ìjọba ológun ti sọ náírà di yẹpẹrẹ, àwọn ojúgbà rẹ̀ sì ń rìn kiri Èkó láìríṣẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gbé báàgì ọ̀gá dé kóòtù, kó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kó sì panu mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibà dá ọ̀gá dùbúlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè é.

“Ìwọ ni wàá lọ sí Òkìtìpupa lónìí. Ẹjọ́ Elisha ni. Bí wọ́n bá tún ní kó sún síwájú, kọ̀ jálẹ̀.”

“Ó dáa, sà.”

Ó mọ ẹjọ́ náà. Bàbá Elisha ló fún Kàmọ́rù, àlejò láti Ìkirè, ní igbó ní abúlé Omifunfun. Kàmọ́rù ṣán igbó, ó gbin kòkó, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Bàbá kú. Nígbà tó yá, ìjọba tú àjọ tó ń ra kòkó ká, owó kòkó sì fò sókè. Ìgbà náà ni Elisha rántí pé ilẹ̀ bàbá òun ni. Ó ní Kàmọ́rù kò san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Kàmọ́rù ní òun gbé e wá, Elisha ni kò gbà á. Ọláyídé mọ ẹni tí òun gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n lọ́yà Elisha ni ọ̀gá rẹ̀.

Ní kóòtù, lọ́yà Kàmọ́rù kò yọjú. Kàmọ́rù fúnra rẹ̀ ló dìde, Rodiyat ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìn. Akọ̀wé kóòtù ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n wá lọ́yà mìíràn, kí n sì kórè èyí tó ti pọ́n lórí igi.”

Ojú adájọ́ rọ̀. Ó yíjú sí Ọláyídé. “Ṣé ẹ fara mọ́ ọn, Lọ́yà?”

Ì bá ṣe pé ó dákẹ́, ẹjọ́ náà ì bá sún síwájú. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó gbé gèésì kalẹ̀: ọkùnrin yìí kàn ń wá àyè tí yóò fi kó kòkó onílẹ̀ lọ ni. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ ọn.

Adájọ́ kọ̀ láti sún ẹjọ́ náà síwájú, ó dá a lọ́jọ́ náà gan-an, ó ní kí Kàmọ́rù kúrò lórí ilẹ̀ náà.

“O ti di lọ́yà wàyí,” ni ọ̀gá wí nígbà tó gbọ́.

Kò pẹ́ tí Kàmọ́rù fi padà sóko lọ já kòkó tó pọ́n. Elisha lọ pe sójà. Wọ́n fi ìdí ìbọn lù ú lábẹ́ igi kòkó tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú.

Rodiyat wá sí ọ́fíìsì, ó ní lọ́yà obìnrin ni òun ń wá. Ọláyídé kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

“Mi ò gbọ́ gèésì tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà,” ni Rodiyat wí, “ṣùgbọ́n adájọ́ gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi sọ irú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé wọ́n pa ọkọ mi.”

“Ìyá, ẹ̀yin àti ọkọ yín ni mo sọ̀rọ̀ náà lòdì sí.”

“Mo mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́.”

Ọláyídé wọlé tọ ọ̀gá lọ.

“Elisha ni oníbàárà wa,” ni Lọ́yà Fádáre wí. “A ò lè jẹ́ tibí ká tún jẹ́ tọ̀hún. Ta ló sì ń pe sójà lẹ́jọ́? Òfin wọn ní kóòtù kankan ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.”

“Ọkùnrin náà ti kú, sà.”

“Mo gbọ́.” Fèrèsé ló ń wò.

Ọláyídé mú Rodiyat lọ bá lọ́yà kan ní Òkìtìpupa. Ìyẹn gbìyànjú, ṣùgbọ́n adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, ó ní ìjọba ti gba ọ̀rọ̀ sójà kúrò lọ́wọ́ òun. Rodiyat padà sí Ìkirè.

Ọláyídé kò kúrò ní ọ́fíìsì náà, nítorí owó oṣù rẹ̀ ni àwọn àbúrò rẹ̀ fi ń lọ sílé ìwé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Elisha tún gbé ẹjọ́ àgbẹ̀ àlejò mìíràn wá. Ọláyídé bẹ ọ̀gá pé kó yọ òun kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá yọ ọ́, ó sì gbé ẹjọ́ náà fún lọ́yà kékeré mìíràn. Ìyẹn náà jàre.