Ara Alága Ti Ń Yá

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ létí mi pé àwọn olóṣèlú Abújá ló ba ilẹ̀ yìí jẹ́, mi ò kì í dáhùn mọ́. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo máa ń wò. Nígbà kan, ẹnu mi ló le jù lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kétu, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe fọ́tòkọ́pì lọ́dọ̀ mi rí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà síbi tí ọkọ̀ Ìkòròdú ti ń gbé èrò. Kọ̀ǹpútà méjì ni mo ní, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, àti rédíò tí mi ò kì í pa. Ọdún tí Ààrẹ wa ṣàìsàn tí wọ́n gbé e lọ sókè òkun, tí kò kọ̀wé fiṣẹ́ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́, ọdún yẹn ni mo sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ilé aṣòfin.

Inú ń bí mi. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun tán kí n má tíì bú ẹnì kan. Oṣù kan kọjá, ó di méjì, ẹnikẹ́ni ò rí Ààrẹ. Wọ́n ń sọ fún wa lórí rédíò pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ta ló rí i? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà ò rí i! Nígbà tó yá, wọ́n fi ohùn kan sórí afẹ́fẹ́ pé òun ló ń sọ̀rọ̀, ni mo bá ń pariwo mọ́ rédíò bíi pé èèyàn ni. Igbákejì wà níbẹ̀, ara rẹ̀ le, ó ń rìn, ó ń jẹun, wọn ò sì jẹ́ kó ṣe nǹkan kan, torí pé apá ibòmíràn ló ti wá, àwọn kan sì ní àsìkò tàwọn ò tíì pé. Bàbá Hausa kan tó ń ta tòmátì ní Mile 12, tó máa ń wá ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ló sọ ọ́ tó yé mi jù. Ó ní tí dírẹ́bà bá dákú lójú ọ̀nà Jẹ́bà, tí ẹrù tòmátì wà lẹ́yìn, ṣé ẹni tó jókòó tì í á káwọ́ gbera títí dírẹ́bà á fi jí ni? Mo rẹ́rìn-ín títí, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá náà lọ́jọ́ yẹn.

Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé nígbà náà, èyí tó wà létí odò lẹ́yìn Òwódé Onírin. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi ò sì kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ohun tó ń gbà wá ni kánáàlì kan tó ń kó omi àdúgbò lọ sódò. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹgbẹ́ onílé wa máa ń jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti àdá láti kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ ló ń pe iṣẹ́ yẹn. Èmi ni akọ̀wé, kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, kọ̀ǹpútà tí mo ní ni wọ́n wò. Kánáàlì náà kàn mí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, torí pé ẹ̀yìnkùlé mi ló gbà kọjá, yàrá ìyá mi ló sì sún mọ́ ọn jù. Ẹsẹ̀ ìyá mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ojú kan ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, tí omi bá sì wọlé, wọn ò lè dìde sá fún un.

Ọmọ Òkè-Ògùn ni alága wa, bíi tèmi. Wọ́n ṣe mí lóore. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ní kí n wá tún ilẹ̀ mi rà, alága ló gbé àga síwájú géètì mi, wọ́n jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí ó fi sú àwọn yẹn tí wọ́n sì lọ. Olóòótọ́ èèyàn sì ni wọ́n. Oníbúlọ́ọ̀kù kan wà tó mọ ògiri ọgbà rẹ̀ dí ẹnu kánáàlì níbi tó ti ń wọ odò. Ọmọ ìlú alága gan-an ni, síbẹ̀ alága ní kí n tẹ ìwé fún un pé kó wó ògiri yẹn kúrò kó tó di àsìkò òjò. Lẹ́tà yẹn ṣì wà lára ògiri rẹ̀ nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lu alága.

Igbákejì wa, ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn létí odò. Kò sẹ́ni tó mọ omi bíi tirẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ó lè wo koríko létí bèbè kó sì sọ ibi tí omi á dé fún ẹ. Òun ló yẹ kó gbaṣẹ́. Àmọ́ ìwé òfin ẹgbẹ́ ní igbákejì ò gbọ́dọ̀ pe iṣẹ́ kankan àfi tí alága bá fọwọ́ síwèé fún un, tàbí kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwa onílé nawọ́ sókè pé alága ò lè ṣe é mọ́. Èmi ni mo tẹ ìwé òfin náà. Ti ẹgbẹ́ kan ní Ọ̀jọ́ta ni mo dà kọ, mi ò tiẹ̀ kà á tán.

Ta ló máa nawọ́? Ta ló máa dìde nínú mítìn kó ní alága ti yarọ? A ò kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa àgbà. Tó o bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìwọ lo fẹ́ kó kú. Bí èèyàn ń kú lọ, ara rẹ̀ ti ń yá là ń wí. Àdúrà ni lóòótọ́, àdúrà náà la sì fi ń bo irọ́ mọ́lẹ̀. Ìyàwó alága sọ fún wa pé wọ́n wà n'Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń gbàtọ́jú, pé ara wọn ti ń yá. Ní gbogbo mítìn, ẹnì kan á gbé fìlà alága sórí àga wọn, àwọn tó ń wọlé á sì máa kí fìlà. Èmi náà kí i. Mo kúnlẹ̀ fún fìlà lọ́jọ́ Sátidé, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè lọ bú àwọn ará Abújá.

Lọ́sẹ̀ tí ilé aṣòfin wá gbà níkẹyìn pé kí igbákejì Ààrẹ máa ṣiṣẹ́ Ààrẹ, mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni oníbúlọ́ọ̀kù wá bá mi. Ó mú ìwé tí wọ́n fi bírò kọ dání, ó ní ọ̀rọ̀ alága ni, kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun ní kánáàlì títí òun alága á fi dé. Mo ní irọ́ ni, alága tó ní kí n tẹ ìwé àkọ́kọ́ ò lè sọ èyí. Kò bínú rárá. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí n sì tẹ̀ lé òun, kí n lọ fojú ara mi rí alága.

Ìbàdàn wo? Ilé alága náà la lọ, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé tí mò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Alága wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan. Ojú wọn là. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń wo fáànù. Ìyàwó wọn nu itọ́ lẹ́nu wọn, ó mú àtàǹpàkò wọn, ó tì í bọ íǹkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé mi. Nígbà tó fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ó já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin náà ń sunkún. Ó ní tí wọ́n bá gba ipò yẹn lọ́wọ́ ọkọ òun, nǹkan kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù tí ọkọ òun fi ń mí ni wọ́n gbà yẹn.

Lójú àtẹ̀gùn, oníbúlọ́ọ̀kù bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó bi mí bóyá mo ti gbàgbé ẹni tó jókòó síwájú géètì mi. Ó ní àga yẹn, tí ará odò bá fi lè jókòó sí i, àwa ọmọ Òkè-Ògùn, àwa ò tún ní í rí i gbà mọ́ láéláé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀. Mo lè ní oore alága ló dí mi lẹ́nu, mo lè ní ẹkún ìyàwó wọn ni. Wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "àwa ò tún ní í rí i gbà mọ́" yẹn wọ̀ mí lára, ó sì dùn létí mi. Ohun tí mo ti ń tìtorí ẹ̀ bú àwọn èèyàn látìgbà ọyẹ́ nìyẹn, mo sì gbé e mì bí omi tútù.

Nígbà tó di Sátidé, igbákejì dúró dè mí lẹ́nu géètì ilé ìwé tí a ti ń ṣe mítìn. Ó ti gbọ́ pé lẹ́tà kan wà. Ó ṣàlàyé fún mi pé odò ò fà bó ṣe yẹ kó fà lẹ́ẹ̀rùn yìí, pé tí ẹnu kánáàlì bá dí títí òjò á fi dé, àwọn ilé ẹ̀yìn ò ní í ṣeé gbé. Ó ní òun ò wá àga, òun ò sì lè gun orí ẹni tó ṣì wà láyé. Tó bá jẹ́ alága ló sọ ọ́ lóòótọ́, òun á gbọ́ràn. Ó wá wò mí lójú.

"Àǹtí akọ̀wé, ṣé ẹ fojú ara yín rí alága?"

"Mo rí wọn," mo ní. "Ara wọn ti ń yá."

Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Ó gbà mí gbọ́. Ká ní ó bú mi ni, ó dáa fún mi. Mo wọlé, mo ka lẹ́tà náà sókè, mo na ìtẹ̀ka náà sókè kí gbogbo wọn rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ kánáàlì ò wáyé lọ́dún yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ààrẹ kú, tí wọ́n búra fún igbákejì rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ àga mọ́ra wọn lórí nítorí ọ̀rọ̀ pé àsìkò ta ló kù. Wọ́n yíjú sí mi kí n dá sí i. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Lọ́jọ́ tí omi dé, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi àdúgbò gba kánáàlì lọ bó ṣe máa ń lọ, ó kan ògiri oníbúlọ́ọ̀kù, kò rọ́nà, ó padà. Ẹ̀yìnkùlé mi ló padà sí. Ọ̀sán gangan ni, mo wà ní Kétu, aládùúgbò kan ló fi fóònù pè mí. Mo kúrò láìti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo fi máa dé ojú ọ̀nà wa, omi ti mù mí dé ìbàdí, àwọn ìkòkò ará ilé sì ń léfòó kọjá lára mi. Ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà: gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wí i, mo ń bú oníbúlọ́ọ̀kù, mo ń bú ìyàwó alága, mo ń bú ara mi.

Ọkọ̀ ojú omi kan ti wà lójú fèrèsé yàrá ìyá mi. Igbákejì ti fi àáké já irin fèrèsé náà, ó ti wọlé, ó ń gbé ìyá mi jáde bọ̀. Omi ti dé àyà wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo ara wọn ń gbọ̀n. Mo gun ọkọ̀ náà, mo bọ́ ìborùn mi, mo fi wé wọn, ó tutù bíi tara wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n lò lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òtútù yẹn ò kúrò láyà wọn.

Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ igbákejì, kò jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀. Aṣọ alága ni mo wá rí nísàlẹ̀ ọkọ̀ náà, bùbá funfun tí mo mọ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ìyàwó alága ló kọ́kọ́ ké sí i bí omi ṣe dé, igbákejì ló sì pọn alága sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kó tó wá gbé ìyá mi. Ó ti rí wọn. Ó ti rí ẹnu wọn, ó ti rí ọwọ́ wọn.

Ìyá mi ò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n di apá ọkùnrin náà mú, wọ́n ń ṣàdúrà fún un, fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n wá gbójú sókè.

"Ṣé ìwọ ni alága wọn ni, ọmọ mi?"

Ó ń tukọ̀ lọ, kò wo ẹ̀yìn.

"Rárá o, Ìyá," ó ní. "Alága ń bọ̀. Ara wọn ti ń yá. Àǹtí akọ̀wé fojú ara wọn rí i."