Ta Ló Ń Pe Fọganáísà Òkè-Fìà?

"Kò sẹ́ni tó pè mí, Akeem. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

Bàbá Ọlọ́rundáre, fọganáísà Òkè-Fìà, ló fèsì bẹ́ẹ̀, abọ́ iyán lórí itan rẹ̀, táyà kẹ̀kẹ́ Akeem nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tó ya Akeem lẹ́nu ni pé kí bàbá yìí tó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó gbójú sókè, ó sì pariwo pé, "Mò ń bọ̀ o, Yèyé!" Akeem wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò rí obìnrin kankan àfi èyí tó ń ta káàdì fóònù ní òdì kejì títì, ìyẹn ò sì wo ọ̀dọ̀ wọn rárá.

"Ta wá ni Yèyé?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ wá ń dá a lóhùn?"

"Bàbá mi dá a lóhùn títí ó fi kú. Bàbá tó bí bàbá mi náà ń dá a lóhùn. Iyán nìkan ni o. Tó bá jẹ́ ẹ̀bà, kò sẹ́ni tó ń yọ wá lẹ́nu."

Akeem rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí kọ̀mpurẹ́sọ̀. Nọ́síràtù, ìyàwó bàbá, tó gbé oúnjẹ wá, ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn lọ bẹ́ẹ̀. "Ìwọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ńkọ́? Mo gún iyán, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Ó ní 'mò ń bọ̀.' Mo sáré lọ ṣílẹ̀kùn, mo rò pé àlejò ló dé. Kí n tó padà dé, ó ti jẹ ẹran tán!"

"Ẹran kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Nọ́sí."

"Ẹran méjì ni! Èmi ni mo sè é!"

Bó ṣe jẹ́ rèé. Kùmáṣì ní Gánà ni wọ́n bí Bàbá Ọlọ́rundáre sí. Ìgbà tí ìjọba Gánà ní kí àlejò máa lọ sílé, kò tíì hu irùngbọ̀n. Bàbá rẹ̀ kó gbogbo wọn wá sí Òṣogbo, nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní yàrá níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ yẹn náà ló kọ́ ọmọ níṣẹ́ táyà. Látìgbà náà, Bàbá Gánà ni gbogbo Òkè-Fìà ń pè é.

Ó máa ń dáhùn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn ún. Tí ọdún bá ti dé, gbogbo àdúgbò á ti ilẹ̀kùn, oníkálukú á gba ìlú rẹ̀ lọ, Ìkìrun, Ẹ̀jìgbò, Iléṣà. Òun nìkan á jókòó ti páǹpù. Tẹ́nì kan bá bi í pé níbo nilé, á ní Ìjẹ̀ṣà. Tí wọ́n bá tún ní, "Níbo ní Ìjẹ̀ṣà?" á bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípánà. Ohun kan tó fẹ́ láyé yìí ò ju pé kí òun náà lọ sílé lọ́dún, kí wọ́n rí òun, kí wọ́n ní ọmọ wa ló dé.

Ìwọ̀nba tí bàbá rẹ̀ sọ kó tó kú ni pé alágbẹ̀dẹ tó di ẹlẹ́wọ̀n ni Ògúnfẹ́mi, bàbá bàbá rẹ̀. Akódà kóòtù kan wá ń kó adìẹ ilé wọn láìsanwó, Ògúnfẹ́mi mú un, ó so ó mọ́ igi obì. Kóòtù òyìnbó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Wọ́n mú un dé Èkó, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Kàlàbá. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n parí, ojú tì í láti padà sílé, ó bá àwọn olóbì wọ ọkọ̀ lọ sí Gánà. Kò dárúkọ ìlú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kankan. Òṣú nìkan ló máa ń mẹ́nu bà, pé Òṣú lòun ti mu omi ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kẹ́yìn.

"Òṣú tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀?" ni Akeem ké. "Kí ló wá ń dá yín dúró? Ẹ ra epo sí kẹ̀kẹ́, ká lọ ní Sọ́ńdè."

"Kẹ̀kẹ́ yìí á dé Òṣú?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ lẹ táyà ẹ̀. Àbí ẹ ò fọkàn tán iṣẹ́ ara yín?"

Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe gbéra nìyẹn, Nọ́síràtù pẹ̀lú ìbòrí tuntun, Bàbá Ọlọ́rundáre pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ tí kì í fi sílẹ̀.

Wọ́n kí wọn dáadáa ní Òṣú. Bàbá arúgbó kan ra bọ̀ọ̀lì fún wọn, ó gbọ́ ìtàn náà tán, ó mi orí. "Ẹni tó ní ibí lòun ti mu omi kẹ́yìn, ó ń kọjá lọ ni. Ẹni tí wọ́n bá dì ní Iléṣà, ibí ni wọ́n ń mú un gbà lọ sí Èkó. Kí niṣẹ́ ilé yín?"

"Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, wọ́n sì lóko obì."

"Ẹ lọ wo apá Ọbọ̀kun, ibẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ tó lóko obì pọ̀ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀tan-Ilé."

Akeem wo ojú epo, ó wo Nọ́síràtù. "Má wò mí," ni Nọ́síràtù wí. "Mo ti wọ ìbòrí tuntun. N ò lè padà lófo."

Ní Ọ̀tan-Ilé, wọ́n júwe ilé alágbẹ̀dẹ fún wọn. Ọmọ ilé kan tó ń jẹ́ Elisha ló jáde sí wọn. Ó káwọ́ gbera, ó gbọ́ ìtàn bàbá títí dé òpin.

"Ògúnfẹ́mi wà lóòótọ́," ló wí. "Ìlú ló ni ìtàn yẹn, kò sẹ́ni tí ò lè wá sọ ọ́. Látìgbà tí kòkó ti wọ́n, ẹbí wa ò lóǹkà mọ́. Èyí tó wá léṣìí, a gbà á, a fún un lóúnjẹ. Ìgbà tó máa padà dé, oníwọnlẹ̀ ló mú wá láti wọn oko kòkó wa."

"Kí ni màá fi kòkó ṣe, ọmọ mi? Ṣé kí n fún un ní atẹ́gùn ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Elisha, ó gbé e mì. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ máa lọ."

Bàbá Ọlọ́rundáre yí padà, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Ó tán, Nọ́sí. Bàbá Gánà náà ni mí."

Ẹ wá wo kẹ̀kẹ́: táyà iwájú ti sùn pátápátá. Ìṣó gígùn ló wà nínú ẹ̀. Akeem káwọ́ lérí. Bàbá ò bá a jà. Ó lóṣòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó tú táyà, ó fa túùbù yọ, ó ń wá ibi tó ti jò. Láti inú ilé, wọ́n ń gúnyán, kì, kì, kì. Nígbà tó yá, odó dákẹ́. Ìyá àgbà kan, Àtọ́kẹ́, yọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò wo àwọn àlejò. Ó fọwọ́ bojú oòrùn, ó wo títì lọ réré, ó gbóhùn sókè:

"Ògúnfẹ́mi o! Wá jẹun o!"

"Mò ń bọ̀ o, Yèyé!"

Bàbá Ọlọ́rundáre ò rò ó kó tó sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára túùbù, sólúṣọ̀n tó fi ń lẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìka.

Ìyá àgbà náà yíjú sí i. "Sùbúhánálláhì," ni Nọ́síràtù wí, jẹ́jẹ́.

"Ta ló kọ́ yín?" Elisha ti sáré jáde. "Bàbá, ta ló kọ́ yín ní ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn?"

"Bàbá mi. Bàbá tirẹ̀ ló kọ́ ọ. Tí a bá fẹ́ jẹyán la máa ń sọ ọ́."

Ìyá Àtọ́kẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n mú Ògúnfẹ́mi lọ, iyán wà nínú odó. Ìyá rẹ̀ pè é láti ẹnu ọ̀nà yìí, ó sì dáhùn lójú títì, tòun ti okùn tí wọ́n fi dè é lọ́wọ́, pé òun ń bọ̀. Títí ìyá yẹn fi kú, kò jẹyán kó má kọ́kọ́ pè é. Ó sì ní kí ìyàwó ilé kankan má dákẹ́.

"Ìtàn ẹ̀wọ̀n, ìlú mọ̀ ọ́n. Èsì tó fọ̀ yẹn, àwa ìyàwó ilé àtàwọn ọmọ wa nìkan la mọ̀ ọ́n. Àwa tí a kì í pe ọkọ lórúkọ, ìyá ní ká máa pe orúkọ Ògúnfẹ́mi ketekete, kó lè gbọ́ lókè òkun. Mo ti pè títí ohùn mi fi há. Kò sẹ́ni tó dáhùn rí, àfi ewúrẹ́."

Elisha ti dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Ẹ foríjì mí, bàbá. Ẹ dìde nídìí táyà."

"Jẹ́ kí n lẹ̀ ẹ́ tán. Sólúṣọ̀n á gbẹ." Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní òórùn sólúṣọ̀n ló ń ta òun lójú.

"Bàbá Gánà," ni Akeem bẹ̀rẹ̀.

"Gánà wo?" Elisha gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá Ọ̀tan!"

Nọ́síràtù ti wọlé lọ bá àwọn obìnrin ní tirẹ̀. Ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ ẹran méjì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Àtọ́kẹ́ dìde, ó tún padà sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ọlọ́rundáre ò jìnnà sí i rárá, àmọ́ ó fọwọ́ bojú oòrùn, ó sì pè é bí ẹni tó wà ní Kùmáṣì. Kò dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ìyàwó ilé ni, èyí sì ti di ọmọ ilé:

"Ọkọ mi o! Wá jẹun! Yára o, ìyàwó rẹ ti ń wo ẹran!"