Ẹyin Mẹ́ta Tí Mo Bà Jẹ́ Kí Oògùn Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Dé

Ẹyin mẹ́ta ni mo bà jẹ́, mo sì purọ́ lé e. Ẹ jẹ́ kí n ti jẹ́wọ́ èyí ná, torí ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi, tí wọ́n sì ń fi iyọ̀ kún un. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì kà á dáadáa, ṣùgbọ́n ìtàn ara mi, mo lè kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹja ni mò ń tà ní oríta Ọ̀rẹ̀ nígbà náà, ẹja inú yìnyín, kọ̀tẹ̀ àti ṣàwá. Fírísà mẹ́ta ni mo ní, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tó ń ké bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ. Ayé ológun ni. Àwọn sójà ti ń múra àtipadà sí bárékè, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún epo bẹntiróòlù. Ìlà mọ́tò ní ilé epo ṣì ń gùn dé ojú títì. Iná ìjọba máa ń wá bí àlejò tó gbàgbé nǹkan sílé ẹni: á wọlé, á mú un, á jáde. Síbẹ̀, ẹja mi kì í rà. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tó mọ̀ nípa òtútù nínú ẹbí wa, ta ni wọn ìbá tún pè?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ọ̀ràn. Àgbẹ̀ kòkó ni ní Òdígbó, opó, ìyá ọmọ obìnrin méjì. Òun náà ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Jẹjẹrẹ mú un lọ́mú òsì. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì ti fa oògùn líle sí i lára fún oṣù mélòó kan, oògùn tó kó irun orí rẹ̀ lọ, tó sọ èékánná rẹ̀ di dúdú, tó sì mú kí ọbẹ̀ máa rí bí irin lẹ́nu rẹ̀. Ó ti parí ìyẹn. Irun ti ń hù padà, ó rọ̀ bí ti òròmọdìyẹ, gbogbo ẹni tó bá sì wọlé ló ní kó fọwọ́ kàn án wò.

Ó wá ku oògùn tuntun kan. Àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun, ló gbọ́ nípa rẹ̀ tó sì bá dókítà sọ̀rọ̀. Wọ́n kó èérún ẹran ara ìyá rẹ̀ lọ yẹ̀ wò lọ́hùn-ún, wọ́n ní irú jẹjẹrẹ tí oògùn náà ń wá gan-an ni tirẹ̀. Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa títí. Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú mọ́tò, mo tún un ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà tèmi.

"Ẹ̀yin náà mọ àwọn sójà. Tí olè kan bá wọ gáréèjì, wọ́n á na olè, wọ́n á na dírẹ́bà, wọ́n á na ẹlẹ́pà. Oògùn àkọ́kọ́ nìyẹn. Èyí tó ń bọ̀ yìí mọ ilé olè. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló ń kàn."

"Ẹlẹ́pà á wá ríbi jókòó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi ni ẹlẹ́pà."

Ìgò kékeré kan ṣoṣo ni oògùn náà. Ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé ni yóò gbé e wá, yóò fà á lé wa lọ́wọ́ ní Ọ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò sì fà á sí i lára. Ilé ìwòsàn sọ òótọ́ fún wa pé iná tí fíríìjì àwọn ń lò kò ṣe é fọkàn tán, pé kí a tọ́jú rẹ̀ fúnra wa títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbọ́dọ̀ tutù. Kò gbọdọ̀ dì. Tó bá gbóná, ó bàjẹ́. Tó bá dì, ó bàjẹ́. Kò sì sí ilé oògùn kankan tí a mọ̀ tí a ti lè rí òmíràn rà.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan níbẹ̀, obìnrin tó máa ń wo ènìyàn láti orí awò ojú rẹ̀, fún mi ní gíláàsì tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn òtútù. Ó fi bírò fa ìlà méjì sí i.

"Kí omi inú rẹ̀ má jáde láàrin ìlà méjèèjì yìí," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ méjì ṣì wà. Ẹ fi ẹyin dánra wò. Ẹyin tó bá dì á sán, ẹ ó sì mọ̀. Ẹ má fi oògùn kọ́ṣẹ́, bàbá."

Kọ́ṣẹ́? Èmi tí mo ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí yìnyín?

Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa nídìí ẹja ni pé ẹja tí yìnyín kò bá kàn lára ti ń múra àtirà. Ńṣe lo máa bò ó mọ́lẹ̀ bí iṣu inú ebè. Mo wá rò ó pé nọ́ọ̀sì yẹn kàn ń ṣọ́ra jù ni. Tí títutù bá dára, dídì á tún dára jù ú lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kejì, tó ń ṣe tíṣà ní Òdígbó, mú ẹyin kan wá fún mi, ó ti fi bírò pupa máàkì í bó ṣe ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Mo rì í sáàrin àwọn ṣàwá, mo da yìnyín bò ó, mo pa fírísà dé, mo sì sùn bí ọba. Ilẹ̀ mọ́, ẹyin ti sán láti orí dé ìdí.

Mo ní ẹyin yẹn ni kò dára. Mo ra òmíràn lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń kó adìẹ wá láti Omifúnfun. Òun náà sán. Ẹ̀kẹta, mo gbé e sórí ẹja, pé kó máa wo yìnyín lókèèrè. Ó sán, ó sì ń rùn bí ṣàwá. Ní gbogbo àkókò yìí, gíláàsì nọ́ọ̀sì ń bẹ lára ìṣó lẹ́yìn mi. Mo ti sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ni mo fi ń mọ ẹja tó dára.

Ó yẹ kí n wí fún wọn nílé. N kò wí, torí ìtìjú kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fa oògùn líle yẹn sí ẹ̀gbọ́n mi lára, èmi ni mo tẹ̀lé e lọ láti kì í láyà. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọjú, ohun tí mo tún rí ni àjà ilé. Wọ́n ti tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó yíjú sí mi, rọ́bà omi ń bẹ lápá rẹ̀.

"Ẹlẹ́ja, pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ṣé kí n dìde kí n wá di ọwọ́ rẹ mú?"

Ẹ má fòyà bí ẹ ti ń kà á. Obìnrin tí mò ń sọ yìí ló jókòó tì mí báyìí, tó ń bi mí bóyá mo ti dé ibi tí mo ti dákú.

Láti ọjọ́ yẹn, nínú gbogbo ètò ìtọ́jú rẹ̀, báàgì nìkan ni wọ́n ń gbé lé mi lọ́wọ́. Òtútù yìí ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí i pé mo lè ṣe. Tó bá tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo di agbébàágì títí ayé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹyin kẹta, tí mo bá ń gé ẹja fún oníbàárà, ìgò kékeré kan tó ti sán ni mò ń rí lórí pákó. Ẹja tó bá bàjẹ́, màá bẹ oníbàárà. Ta ni màá bẹ̀ lórí èyí?

Mo já gíláàsì kúrò lára ìṣó. Mo lọ sí sọ́míìlì, mo bu lẹ́búlẹ́bú pákó wá, mo tẹ́ ẹ sínú kúlà ńlá kan. Mo fi àpò kòkó wé yìnyín kó má baà kan ohunkóhun lára. Mo gbé ẹyin kẹrin sínú ike kékeré láàrin, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá fẹ́ gòkè jù, màá fi yìnyín kún un. Tó bá fẹ́ sọ̀ jù, màá yọ díẹ̀. Bírò búlúù nìkan ni mo ní. Òun ni mo fi máàkì ẹyin náà, kó lè jọ ẹyin tí tíṣà fún mi. Ẹ wo bí òpùrọ́ ṣe máa ń gọ̀ tó.

Ní Òdígbó, ẹ̀gbọ́n mi ń múra tirẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ìsinmi. Ó yan bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀, kí nọ́ọ̀sì má baà jà pẹ̀lú aṣọ. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀, torí oògùn náà lè fẹ́ da ọkàn láàmú. Wọ́n ní ó ń lù dáadáa. Ó bi wọ́n bóyá wọn kò rí ọkọ òun níbẹ̀, pé ibẹ̀ ló sọ pé òun máa wà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ìyá àdúrà láti ilé àdúrà rẹ̀ wá, aṣọ funfun lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló kàn. Ọmọ rẹ̀ tíṣà ní dókítà ti sọ pé kó máa jẹun dáadáa, kó sì máa mu omi. Olórí wọn yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Kò burú. Ìwọ máa jẹun," ó ní. "Àwa la ó gba ààwẹ̀ náà fún ọ. Bàbá Ẹlẹ́ja á bá wa gbà á."

Báyìí ni mo ṣe ń gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ fún ẹni tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Adùn ọbẹ̀ ti padà sí i lẹ́nu. Nígbà tí mo wá kí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó jókòó síwájú mi pẹ̀lú púpurú àti ọbẹ̀ ẹja, ẹja tèmi, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ebi ń pa mí?" ó bi mí.

"Rárá, mà."

"Wàá rí i pé ààwẹ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni a ṣínu, a sì jókòó láti parí ètò, torí oògùn ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo gbé kúlà mi wá. Mo yọ ẹyin jáde, ọjọ́ kẹta rẹ̀ nìyẹn, ó tutù, ó sì pé. Mo gbé e sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

Tíṣà gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó ní. "Bírò pupa ni mo fi máàkì tèmi."

Mo ní yìnyín máa ń pa bírò láwọ̀ dà. Ó ní pupa kì í di búlúù. Mo wo àwọn ìyá àdúrà, wọ́n ń wò mí. Mo rò ó pé kí n tún purọ́ kan sí i, ṣùgbọ́n irọ́ ti tán lápò mi. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: àkọ́kọ́, èkejì, ẹ̀kẹta, àti gíláàsì tí mo fi kọ́ ìṣó. Mo ní èyí ni ẹ̀kẹrin. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ló lò láàrin ìlà méjèèjì, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé oògùn náà fún ẹlòmíràn, pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹyin náà, ó fọ́ ọ sínú àwo. Funfun rẹ̀ tàn ká, pupa rẹ̀ dúró láàrin, róbótó. Ó gbé àwo náà fún ọmọ rẹ̀ pé kó lọ dín in fún òun, kó fi ata sí i. Ó wá wo gbogbo wa yíká.

"Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ta ló tíì ba ẹyin kan jẹ́ nítorí tèmi nínú yín? Ẹlẹ́ja ló mọ ibi tó ti ń bàjẹ́, òun ni yóò gbé oògùn mi. Tó bá sì tún fẹ́ dákú ní Ọjọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ gba kúlà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣubú."