Ìgbà Mẹ́rìnlá ni Mojí Jó

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní nǹkan bí aago méje àbọ̀ òwúrọ̀, nínú oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ ti gbòde débi pé ètè ń là, a kò sì rí ilé tó wà ní òdìkejì títì dáadáa. Òórùn pákó tí wọ́n là lánàá ní ọjà pákó Bódìjà ti wọ yàrá wa kí ẹ̀rọ ìlàgi tó bẹ̀rẹ̀ ariwo tòní. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní àdúgbò náà kò ní gbàgbé òórùn yẹn. Èmi kò lè gbàgbé rẹ̀, nítorí òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ darí fíìmù.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Mojí, ọmọ àbúrò ìyá mi, ti wá láti Àkúrẹ́ láti máa gbé lọ́dọ̀ wa láti ọdún méjì ṣáájú. Ọjọ́ orí kan náà ni wá, kíláàsì kan náà ni a wà, orí ẹní kan náà ni a sì ń sùn. Mojí mọ ijó jó. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ń gbálẹ̀ àgbàlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa bá ìgbálẹ̀ náà rìn, àwọn ayálégbé a sì dúró wò ó. Èmi náà ń jó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúró rí.

Ọ̀gá Àlàbí, tíṣà tó ń bójú tó ẹgbẹ́ oníjó ilé-ẹ̀kọ́ wa, ló ní kí a ya ijó wa sí fíìmù, kí àwọn òbí lè wò ó ní ọjọ́ ìparí sáà. Wọ́n fi Mojí sí iwájú ijó. Wọ́n ní kí èmi darí, nítorí ìwé mi mọ́, mo sì máa ń fi rúlà fa ìlà sí gbogbo nǹkan. Gbogbo ilé bá mi yọ̀. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí wọ́n pín ẹran tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ tù mí nínú.

Ìyá mi jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ìwé ni wọ́n ń tẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé mo fajú ro nítorí Mojí, wọn a ní, "Ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni mo fi ń tẹ̀wé." Ní òwúrọ̀ tí mo ń wí yìí, wọ́n jókòó ti Mojí, wọ́n fi òrí pa á ní ìgúnpá àti orúnkún, wọ́n ní ojú ènìyàn yóò wà lára rẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n má gbàgbé bírò.

Iwájú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́, lórí símẹ́ǹtì, ni a ti ya fíìmù náà. Ijó nípa àwọn ọmọ tó lọ pọn omi tí omi kò yọ ni. Mojí yóò gbé korobá òfìfo lérí, yóò yí lẹ́ẹ̀mẹta, yóò kúnlẹ̀, yóò sì dìde láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin yóò wọlé, omi yóò sì yọ. Ibẹ̀ ni ijó parí sí. Ṣákírá, ọ̀rẹ́ wa, ló di kámẹ́rà kékeré Ọ̀gá Àlàbí mú. Bátìrì kan ṣoṣo ló ní, iná ìjọba sì ti lọ láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ọ̀gá ní ìpàdé. Wọ́n ní ohun tí mo bá pè ní ó tó, ó tó.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Mojí jó o, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé, "Ó dára." Mo ní kó tún un ṣe, kí a lè ní èyí tí a ó fi pamọ́. Ìkejì dára ju ìkínní lọ. Àwọn aṣọ́gbà méjì tó ń kọjá dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nǹkan kan gbóná ní àyà mi. Mo ní, "Tún un ṣe." Mo fẹ́ kí korobá náà já bọ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Kò já bọ́. Láti ìkẹta lọ ni mo ti ń kọ àṣìṣe tí kò sí sílẹ̀: ọwọ́ òsì lọ sílẹ̀ jù, ó rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ kó tó dìde.

Nígbà tó di ìkejìlá, Ṣákírá ní, "Fúnkẹ́, tó bá jẹ́ pé omi ni Mojí ń pọn látàárọ̀, dúróòmù ti kún." Àwọn mẹ́rin tó ń dúró rẹ́rìn-ín. Mojí kò rẹ́rìn-ín. Orúnkún rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ sì ti kan símẹ́ǹtì. Ó súnmọ́ mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ni kò dára níbẹ̀? Sọ fún mi, kí n lè ṣe é."

Mo ní, "Ìwọ ṣáà tún un ṣe."

Ní ìgbà kẹrìnlá, bó ti ń dìde lórí ìkúnlẹ̀, kámẹ́rà kú. A kò tíì ya apá ti àwọn mẹ́rin náà rárá, èyí tí wọ́n ti ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta múra sílẹ̀ fún. Lọ́jọ́ Ajé, ilé-ẹ̀kọ́ ti ń palẹ̀mọ́, kò sí àyè láti tún pe gbogbo wa jọ.

Ọ̀gá Àlàbí ti gbé bátìrì lọ gba iná sí lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, kámẹ́rà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé mi lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ní, "Ka ìkẹfà fún mi."

"Ọwọ́ òsì lọ sílẹ̀ jù, sà."

Wọ́n fi hàn mí. Ọwọ́ náà wà ní ibi tó yẹ kó wà. Wọ́n ní kí n ka ìkeje, wọ́n fi hàn mí. Wọ́n ní kí n ka ìkẹjọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n ní, "Lọ bẹ̀ ẹ́." Nígbà tí mo yíjú padà, Mojí wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àwọn ará kíláàsì tó kó wá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan, ó gbé àwọn ìwé náà sórí tábìlì, ó sì jáde.

Wọ́n fi fíìmù náà hàn bẹ́ẹ̀ láìparí. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Bàbá kan béèrè bóyá omi náà padà yọ. Orúkọ mi ló kọ́kọ́ hàn nínú fíìmù náà, àwọn ọmọ mẹ́rin náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀ di ọdún tuntun.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Bí mo bá kúrò níbi iṣẹ́ ní Olúyọ̀lé, mo ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Ring Road, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n darí ijó ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí. Bó ti gbé gìgísẹ̀ sókè, àyà mi gbóná gẹ́gẹ́ bí ó ti gbóná nígbà náà. Ẹ má rò pé ó ti lọ. Mo kọ "Ó dára" sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n pa kámẹ́rà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo jẹ́ nígbà náà kì bá tí pa á.

Akobo ni Mojí ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ rẹ̀. A máa ń kí ara wa, a máa ń bẹ ara wa wò, kò sì sí ìjà láàárín wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé yẹn títí di òní, Mojí kò jó níbi tí mo bá wà mọ́.